Ibi Tí Ẹnjiníà Fẹ́ Ri Tánkì Ìgbọ̀nsẹ̀ Mọ́

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Imota o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ fara mọ́ ọn tí ọ̀rọ̀ mi bá le.

Ìyá mi ló ń gbé ilé tí bàbá mi kọ́ síbẹ̀. Ṣalángá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ṣì ń lò, orúnkún wọn kò sì gba kí wọ́n máa lóṣòó mọ́. Mo ní n ó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbàlódé fún wọn, irú èyí tí kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú tánkì máa ń jẹ ìdọ̀tí, tí kò ní í ba omi kànga jẹ́.

Bí mo ṣe bá ẹnjiníà kan pàdé nìyẹn. Ẹnjiníà! Akoto pupa lórí, bàtà tí kò tíì tẹ ẹrọ̀fọ̀ rí lẹ́sẹ̀, fóònù méjì lọ́wọ́. "Eco-friendly" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í ba àyíká jẹ́. Tánkì eco-friendly, páìpù eco-friendly. Ó ku díẹ̀ kó pe èmi náà ní eco-friendly!

Ó lọ wo ilẹ̀, ó ní òun ti rí ibi tó dáa jù. Ó jìnnà sí kànga, páìpù kò sì ní gùn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté Ipakodo, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Mo wo fọ́tò náà fìrí, koríko ni mo rí. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ní Sátidé. Ọlọ́gbọ́n èmi!

Nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé, kí ni mo bá? Ìyá mi ti tẹ́ ẹní sórí koríko yẹn, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀. Ẹnjiníà dúró tì wọ́n, ó ń ṣàlàyé pé kò ní í rùn rárá.

Ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá mi ni. Àyè tó ṣófo yẹn, ti ìyá mi ni. Kí bàbá mi tó kú ni wọ́n ti fi ẹnu ara wọn yà á sọ́tọ̀ pé ibẹ̀ ni kí a sin ìyá mi sí, gbogbo ẹbí ló sì gbọ́. Èmi náà gbọ́. Mo kàn gbàgbé ni.

Mo bi ẹnjiníà pé ṣé kò rí sàréè ni. Ó ní òun rí i, òun ò yà á mọ́ fọ́tò torí kò sí lára iṣẹ́ òun. Ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣófo, ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ṣé kí ìyá mi kọ́kọ́ kú kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ́ni tó ni ín?

Èmi aláìmọ̀kan tún dá sí i. Mo ní, Màámi, ilẹ̀ pọ̀, a ó wá àyè mìíràn fún yín tó bá yá.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ lo máa wá mi wá. Ṣé ìgbẹ́ lo fẹ́ bá níbẹ̀?"

Ìtìjú bò mí. Mo ní kí ẹnjiníà gbé tánkì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ilé. Ó ń kùn pé páìpù máa gùn. Mo ní kó gùn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe nǹkan tuntun fún òbí yín, ẹ kọ́kọ́ bá wọn rìn yí ilẹ̀ náà ká. Láti òkè ni mo ti ń fi ẹnjiníà yìí ṣe yẹ̀yẹ́, àbí? Àlejò ló kúkú jẹ́ níbẹ̀. Èmi ni ọmọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti jókòó sí Èkó fọwọ́ sí nílé àwọn òbí yín láìbi wọ́n? Ẹ sọ ọ́ síbí, kójú má ti èmi nìkan.