Ìka Kékeré Onífáàrí

Àbúrò mi ni Onífáàrí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, n kò sì ní purọ́, inú tó bí mi ni mo fi sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí a jọ ń fọ aṣọ àwọn èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé kan náà: òun ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Bó bá ti ki ọwọ́ bọ inú ọṣẹ báyìí, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ á nà sókè gbọnrangandan, bíi ti ìyàwó olówó tó ń mu tíì. Ìyá wa nà án títí, ìka ò gbọ́. Èmi náà a máa pariwo mọ́ ọn: "Onífáàrí! Ṣé ìka yẹn kì í jẹ nínú owó wa ni? Jẹ́ kó ṣiṣẹ́!"

Ìjọba wá ní kí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá wá forúkọ sílẹ̀ fún owó ọjọ́ ogbó. Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn á máa dá a, bó bá sì darúgbó, wọ́n á máa san án fún un lóṣooṣù. Ọjọ́ tó máa parí gan-an la lọ. Mo tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlà ọwọ́, tèmi wọlé wàrà. Àbúrò mi tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ọṣẹ ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán.

"Ẹ má bínú, mà," akọ̀wé ní, "ẹ̀rọ ò rí wọn."

"Kò rí i kẹ̀? Ta ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ẹ yẹn?" mo ní.

Ẹnu lásán ni o. Àbúrò mi ò bímọ, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún. Ta ni yóò máa bọ́ ọ lọ́la?

Wọ́n dán ìka mẹ́sàn-án wò, pàbó ni. Àbúrò mi ti ń gbé báàgì rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan, mà," akọ̀wé ní.

Àbúrò mi wò mí. Áà! Ó ti ká ìka kékeré yẹn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí n má baà pariwo. Ojú tì mí gan-an.

"Nà án jàre," mo ní.

Ó nà án, ó tẹ̀ ẹ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn! Gbogbo èèyàn tó tò sẹ́yìn wa hó yèè. Mo jó títí gèlè mi fi já bọ́, àbúrò mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti omi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ìka kékeré náà sì wọlé tẹ̀lé àwọn yòókù. Mo ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Onífáàrí! Gbé ìka yẹn sókè kíá! Ṣé o fẹ́ fọ ọjọ́ ogbó ẹ dànù ni?"