Èéfín Ẹ̀gbọ́n, Àyà Tèmi

Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Ẹ̀fọn ló fà á. Gọ́tà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Pápá Àjàó, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sì í dúró de ilẹ̀ ṣú. Èmi ń ránṣọ, ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù ń tún fáànù ṣe, ó sì ń mu sìgá. Mo wá ṣàkíyèsí pé ẹ̀fọn kì í sún mọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n bá jókòó sí. Ni mo bá gbé máṣíìnì mi, mo lọ gbé e tì í. Inú mi dùn pé mo ti rí oògùn ẹ̀fọn ọ̀fẹ́. Èmi tí n kò fi ẹnu kan sìgá rí, èmi náà ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn wọnú èéfín.

Ó tó ọdún mélòó kan kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé, màá dúró lágbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sísàlẹ̀. Ìyàwó mi ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò, ojú rẹ̀ fà ro.

"Bàbá, ṣé ẹ ń mu sìgá?"

"Rárá o." Mo gbé àyà sókè bí ẹni tó gbẹ̀bùn.

Ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn bùbá mi. "Ta ló wá ń yan yín bí ẹja?"

Ó ṣàlàyé pé èéfín sìgá ẹlòmíì máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò mu ún jẹ́, pé ó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, àti pé ọkàn tó ti dàgbà bíi tèmi ni kì í lè fara dà á. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀, tàbí kí n sọ fún ẹni náà kó máa bọ́ síta.

Ó rọrùn lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Bí mo tilẹ̀ gbé máṣíìnì padà, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, èéfín á bá mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló fún mi ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí wọ́n wó tèmi. Ṣé kí n wá lanu, kí n ní kó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé ló ń dìde fún àgbà.

Nítorí náà, èmi ni mò ń dìde. Tó bá ṣáná, màá ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Tó bá tún ṣáná, màá ní mo fẹ́ ra òwú. Aṣọ ọkọ ìyàwó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má tán nítorí ìtọ̀ tí kò sí. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé fáànù kún ṣọ́ọ̀bù náà dé òrùlé, kò sí ẹyọ kan tó ń fẹ́. Èyí tó bá ti ń ṣiṣẹ́, olówó rẹ̀ ti gbé e lọ. Mo fi nǹkan bo imú, ẹ̀gbọ́n wò mí.

"Ṣé kòrónà ti padà dé ni?"

"Eruku aṣọ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rù wá sọ mí di dókítà ara mi. Màá fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́, màá máa tẹ́tí sí ọkàn bí ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ gbì-gbì-gbì, mo ti ń ka kàlímátù ṣàhádà kí n tó mọ̀ pé máṣíìnì ìyá tó ń lọ ata lójúde ló ń dún.

Òjò ló tú mi fó. Ó rọ̀ gan-an, a ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n sì ṣáná. Kò síbi tí èèyàn fẹ́ lọ tọ̀ sí. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n, ó ń bí mi sí òjò, ó ń bí mi sí ara mi.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èéfín yín ni. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn mi ò lè gbé e mọ́."

Ó wo sìgá ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ tí o fọwọ́ ara rẹ gbé máṣíìnì tì mí? Èmi rò pé o fẹ́ràn rẹ̀, ahun ni ò jẹ́ kí o ra tìrẹ."

Mo kọjú sí ilẹ̀kùn, mo fẹ́ lọ dúró sínú òjò. Ó ti na ọwọ́ mú agboòrùn tó fi kọ́ ara ògiri.

"Jókòó," ó ní. "Èmi ni màá dìde."