Ìdajì Wáàtì Nínú Kòtò Òkúta

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ǹjẹ́ ẹ ti jókòó rí, tí ẹ ń wá iye agbára rédíò tí yóò tó láti dáàbò bo ọmọ ìyá yín, tí kò sì ní pọ̀ débi tí yóò pa á? Èmi ti ṣe é rí, lẹ́yìn ìlú Kalambaina nílẹ̀ Hausa, níbi tí àbúrò mi ti ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta.

Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì kéré nídìí rẹ̀. Àwọn tó ni ibi ìfọ́kùúta náà ní kí n fi rédíò so inú kòtò pọ̀ mọ́ àgọ́ tí bàbá Hausa kan ti ń tẹ bọ́tìnì tí ń mú ẹ̀tù bú. Ọ̀nà náà kò jìn. Àmọ́ wáyà tí ó wọnú ẹ̀tù lè gba agbára rédíò bí eríàlì ti ń gbà á, kí ẹ̀tù sì bú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnì. Mo dúró ní bèbè kòtò, mo fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ìdajì wáàtì tó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi kún un," ni àbúrò mi wí. "Ohùn yín ń dún bí ti ẹni tí wọ́n da ìkòkò bò lórí."

"Kí n fi kún un kí o lè bá òkúta fò dé Ògbómọ̀ṣọ́? Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, mo bá a sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Ó ti so gbogbo wáyà tán kí ó tó rí ọ̀kan tí ìso rẹ̀ kò le. Ó ké sínú rédíò pé "Tsaya!", èyí tí í ṣe "dúró" lédè Hausa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti tún wáyà náà so. Ohùn bàbá náà padà wá, ó ń já:

"In tayar?"

Ó ń béèrè bóyá kí òun mú un bú ni. Ọ̀rọ̀ wa ti fọ́ kí ó tó dé etí rẹ̀.

Mo gba rédíò lọ́wọ́ àbúrò mi, mo ké pé rárá, kí ó dúró: "A'a, Baba! Tsaya!"

"To, in tayar?" ni bàbá tún wí, pé ó dáa, ṣé kí òun mú un bú?

Ìgbà náà ni ó yé mi pé orí bèbè ni mo ti ṣírò, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ògiri òkúta ń jẹ agbára mi. Ìka mi wà lórí kókó tí a fi ń fi agbára kún un. Bí mo bá yí i, wáyà wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Bí n kò bá yí i, bọ́tìnì wà lábẹ́ ìka bàbá.

N kò yí i. Mo sáré gun òkè pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo ṣí fìlà, mo ń fì í, mo ń fi gbogbo ẹ̀mí mi ké "Tsaya!" Bàbá náà rí mi láti àgọ́, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

Àbúrò mi jáde láàyè. Wọ́n dá rédíò mi padà fún mi. Àsíá pupa ni wọ́n ń fì níbẹ̀ dípò rédíò títí dòní.