Ọjọ́ Ìsinmi Tí Òbí Kankan Kò Jí Ọmọ Rẹ̀

Iṣẹ́ fífọ eyín ni Mosúnmọ́lá ń ṣe jẹun. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ilé ìwòsàn eyín kan ní Langley Park, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ló máa ń wà, tí yóò dojú kọ ẹnu aláìsàn, tí yóò máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ ìdí eyín wò, tí yóò sì máa bi àwọn tí ẹnu wọn là sílẹ̀ ní ìbéèrè tí wọn kò lè dáhùn. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Òun ni tíṣà àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Landover, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó táìlì pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ kí ìjọ tó gbà á. Àǹtí Mosún ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í jìnnà, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń lú pọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọ̀dọ́ lórí lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè ìgbàgbọ́ sórí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n tán. Bí Àǹtí Mosún bá bèèrè, wọn yóò dá a lóhùn kíákíá láìkọsẹ̀. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú gan-an nìyẹn. Ó ti rí eyín tó funfun báláú tó ń mì bí a bá fọwọ́ kàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pa ìwé dé, ó wo ojú wọn.

"Kí ló gbé yín wá síbí lónìí?"

Oyinkán ló kọ́kọ́ dáhùn, bó ṣe máa ń rí. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá, wà lára àwọn àgbà tó ń jókòó níwájú nínú ìjọ. Oyinkán fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gbàdúrà fún àwọn ọ̀dọ́, àdúrà gígùn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣẹ̀dá ayé, tí àwọn ìyá ìjọ fi máa ń mirí tayọ̀tayọ̀.

"Nítorí pé Jésù ni Olúwa mi," ó ní, "mo sì fẹ́ fi gbogbo ọkàn mi sìn ín."

Wọ́n yí sí Ethan. Ọmọ Arábìnrin Fọlákẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó gbé èjìká sókè.

"Mọ́mì ló wa mọ́tò wá, Àǹtí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Àǹtí Mosún kò bínú.

"Tí Mọ́mì kò bá wa mọ́tò ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí."

Ìdáhùn yẹn bá a délé. Kò pẹ́ tó fi pe àwọn òbí jọ lẹ́yìn ìsìn, ó ní ohun kan ni òun fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n mú ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo tí òbí kankan kò ní jí ọmọ, tí kò ní gbé ọmọ wá, tí kò sì ní bi í léèrè. Ẹni tó bá wù kó wá, kó wá fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá wù, kó jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí.

"Sísítà Mosún," Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá ní, "ẹ fẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa kọ́ wọn ní pípa ìsìn jẹ?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú wọn nígbà tí àwa bá dákẹ́. Láìpẹ́ wọ́n á lọ sí yunifásítì. Ẹ kò ní bá wọn lọ sí yàrá wọn lọ́hùn-ún."

Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá fọwọ́ pa irùngbọ̀n títí, ó gbà. Ó ní ẹ̀rù kò ba òun nítorí ti Oyinkán, àwọn ọmọ ìyókù ni òun ń ro.

Ọjọ́ náà pé. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní pápá ńlá tó wà nítòsí ìjọ. Láti àárọ̀ ni mọ́tò ti to bí èèrà sí gbogbo ojú ọ̀nà. Àǹtí Mosún tètè dé, ó to àga yíká, ó jókòó. Nígbà tí àkókò kíláàsì tó, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbọ́ tí àwọn akọrin ń dán ohùn wò ní gbọ̀ngàn. Ó dìde, ó tún àga kan tò tí kò nílò títò, ó tún jókòó. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún àwọn òbí ló ti ń kó jọ lọ́kàn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ethan ni, Ọláídé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òógùn bò wọ́n, òórùn èéfín ẹran sì ń jáde lára aṣọ wọn.

"Àǹtí, ẹ má bínú, a pẹ́," Ethan ní. "Bọ́ọ̀sì la wọ̀ kí a tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àwa nìkan la wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun."

Ọláídé gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí àwọn ṣe ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bàbá kan tó ń sun ẹran lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fún wọn ní sọ́séèjì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n bá ẹgbẹ́ òun gbàdúrà.

"Mo sì ti ṣèlérí fún un, Àǹtí. Ṣé ó burú?"

Àǹtí Mosún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó sinmi, ó bi Ethan ìdí tó fi wá.

"Mo jí, ilé dákẹ́. Mọ́mì kàn ń fọ ìkòkò, ó sì ń fọ̀ ọ́ tariwo-tariwo." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo rò pé inú mi á dùn láti sùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Tí kò bá sẹ́ni tó fi yín ṣe tíṣà, ṣé ẹ máa wá?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a lójijì. Ó ronú kó tó dáhùn, nítorí kò fẹ́ purọ́ fún ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn wá.

"Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé nítorí kọ́kọ́rọ́ ilé yìí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ń wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí, yàrá kan ni mo háyà nítòsí yunifásítì tí mo ti ń kàwé ní College Park. Mi ò mọ ẹnì kankan. Bí mi ò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ìyá mi ní Ìbàdàn nìkan."

Ethan mirí. "Èmi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ báyẹn rí."

"O lè gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ padà."

Àwọn mélòó kan tún yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n Oyinkán kò wá. Jálẹ̀ ìsìn, Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá ń bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà, títí ìyàwó rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ló dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Mosún.

"Ẹ rí nǹkan tí ẹ fà."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín délé, sà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún un."

Inú ilé ìdáná ni wọ́n bá Oyinkán, ó wà nínú aṣọ ìwọ̀sùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn òbí rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ," ọmọ náà ní. "Mo dùbúlẹ̀, mò ń retí ohùn kan tó máa sọ fún mi pé kí n dìde. Mo retí títí. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ohùn Dádì ni mò ń retí." Ó nu imú rẹ̀. "Mo dín ẹyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e lórí, mo dákẹ́, torí mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mò ń gbàdúrà tàbí ẹnu mi tó ti mọ́ lára."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn nìkan."

Àǹtí Mosún fà á mọ́ra. "Oyin, gbogbo àdúrà rẹ tí mo ti gbọ́, èyí ló kúrú jù. Òun náà ló sì wọ̀ mí lára jù."

Oyinkán rẹ́rìn-ín láàárín omijé. Ó tọrọ pé kí wọ́n má fi òun ṣe adarí àdúrà fún ìgbà díẹ̀, títí òun yóò fi mọ ohun tí òun ń sọ. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ń bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá wọlé, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣe ló fa àga, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ní Ọ̀yọ́," ó ní, "ẹnikẹ́ni kò fún mi láyè rí kí n mọ ohun tí èmi ì bá ṣe bí wọn kò bá jí mi." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ẹyin yẹn, ṣé ó kù?"

Láti ìgbà náà ni kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ti di ibi ìbéèrè. Ẹlòmíràn bèèrè ìdí tí àdúrà ìyá àgbà rẹ̀ kò fi gbà, ẹlòmíràn ní òun kò gbádùn Bíbélì. Àǹtí Mosún kì í mọ gbogbo ìdáhùn, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Oyinkán kò darí àdúrà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà òtútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé kí àwọn òbí rẹ̀ tó dé, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sì ń bá wá. Nígbà tó tún gbàdúrà láàárín wọn, gbólóhùn bíi mẹ́ta péré ni, kò dárúkọ ìṣẹ̀dá ayé rárá.

Bíṣọ́ọ̀bù dé lẹ́yìn Àjíǹde. Oyinkán wà lára àwọn tó kúnlẹ̀. Ethan kò sí lára wọn. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò tíì ṣe tán, òun kò sì fẹ́ fi ẹnu lásán jẹ́jẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó gbà. Àga ni ọmọ náà ń gbé kiri lọ́jọ́ náà, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù rí i nídìí ìrẹsì tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ìsìn.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Mi ò rí ọ níwájú."

"Mo ṣì ń bèèrè ni, sà."

Arábìnrin Fọlákẹ́, ìyá rẹ̀, bojú wo ibòmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Ó dáa. Kí lò ń bèèrè?"

Ethan jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ìbéèrè rẹ̀ fún un.