Èèwọ̀ Tí Mo Dá Sílẹ̀ ní Ìlerò

Fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, n kò jẹ ẹran, n kò jẹ ẹja, n kò jẹ ẹyẹ. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ṣakí níbí gbà pé ìdí kan ṣoṣo ló wà fún un. Èmi gan-an kò lè ka iye ìdí tó ti wọlé tó sì ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èyí àkọ́kọ́ kò níyì rárá. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a jọ ń gbé yàrá kì í jẹ ẹran. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì máa ń jókòó tì í ní ilé oúnjẹ láti bi í léèrè ìdí tí kò fi ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi èmi ní ohunkóhun. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èmi náà ti di ẹni tí kì í jẹ ẹran. N ó rọra ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, n ó sì mú un pẹ́ díẹ̀ kí gbogbo tábìlì lè rí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, n ó yọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin Haúsá tó ń sun súyà lẹ́nu géètì, n ó sì jẹ tèmi lẹ́yìn igi máńgòrò. Nígbà tí mo fi jáde ilé-ẹ̀kọ́, mo ti fi súyà náà sílẹ̀, àṣà yẹn sì ti mọ́ mi lára.

Ó ti mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí rò ó nígbà tí mo ń lọ kí àwọn àna mi ní Ìlerò. Ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ gúnyán, ó sì se odindi ẹtù kan fún mi, ẹtù tó ti ń sìn láti ìgbà tó ti gbọ́ pé ọmọ òun rí ọkọ. Mo wo abọ́, mo wo ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹun, ọkọ ọmọ mi," ni ó wí. "Àbí ẹ rò pé mo fi nǹkan sí i ni?"

Àwọn obìnrin ilé rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n wí? Pé mo rí ẹnì kan ní yunifásítì tí àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn? Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Ẹ má bínú, Ìyá. Èèwọ̀ ni. Ilé ìyá bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ lára."

Ó fò dìde. "Háà! Kí ló dé tí ẹ ò tètè wí? Ẹ fẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ!" Ó gbé abọ́ kúrò níwájú mi, ó lọ fọ ọwọ́, ó sì gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mìíràn wá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju irú àti olú lọ. Mùsùlùmí ni ìdílé méjèèjì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, lèmọ́mù pàápàá kì í bá ènìyàn jiyàn lórí èèwọ̀ ilé rẹ̀. Àwọn òbí mi ti kú nígbà náà. Kò sẹ́ni tí yóò já mi nírọ́.

Báyìí ni irọ́ náà ṣe tẹ̀ lé ìyàwó mi wọlé ọkọ. Òun ló wá ń ṣọ́ èèwọ̀ yìí jù mí lọ. Ó sọ fún àwọn ọmọ wa pé wọ́n jogún rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń jẹ ẹran níta, a mọ̀, a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ wa obìnrin kan, tí a tọ́ láti kékeré, tí mo máa ń pè ní Ìyàwó Kékeré, kò fi ẹran kan ẹnu rí.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin àgùntàn díẹ̀. Abo kan wà nínú wọn tó máa ń tẹ̀ lé mi dé mọ́ṣáláṣí, tí yóò dúró ti bàtà mi títí n ó fi kírun tán. Ọdún yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé n kò lè jẹ ẹran mọ́, àánú wọn ti wọ̀ mí lára. Ìdí gidi dé níkẹyìn, ó sì bá irọ́ lórí àga.

N kì bá tí sọ fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, Ìyàwó Kékeré ti wà nílé ọkọ rẹ̀, kò jìnnà sí wa, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹfà. Ó ti ibi ìtọ́jú aboyún yà sọ́dọ̀ wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń mí gúlegúle. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó," ni ó wí. "Wọ́n ní oògùn nìkan kò lè gbé e. Kí n máa jẹ ẹja, kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ ìrọbí lè le. Mo sọ fún wọn pé èèwọ̀ wa ni."

"O káre," ni ìyàwó mi wí. Ẹ̀rù ti bà á. "O kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ pẹ̀lú oyún nínú, ọmọ inú ló ń fi ṣeré. A ó wá ẹ̀fọ́, a ó wá ẹ̀wà."

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kò sí èèwọ̀ kankan," ni mo wí.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. "Kí lẹ wí?"

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní Ìlerò, níwájú abọ́ ẹtù ìyá rẹ. Ìtìjú ló mú mi."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Gbogbo Iléyà ni mo ń lọ jẹ ẹran tèmi lẹ́yìn ilé bí olè! N ó tún fi ọṣẹ fọ ẹnu kí n tó bá yín sọ̀rọ̀! Ọṣẹ, Bàbá!"

Ìyàwó Kékeré bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá àgbà, ó ti pẹ́ tí n kò ka èèwọ̀ yẹn sí. Ibi tí mo gbé nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ni. Igbe wọn ló ń jí mi láràárọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jẹ ẹ́."

"Kí ló wá dé tí o ní èèwọ̀ ni fún àwọn nọ́ọ̀sì?"

"Tí mo bá ní n kò fẹ́, wọ́n á bá mi jà títí wọn yóò fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹ sọ èèwọ̀ fún wọn, kíá ni wọ́n á gbé bírò sílẹ̀."

"Ẹ wo irú ẹni tó bí irú ẹni!" ni ìyàwó mi wí. Ó ti ń wá sálúbàtà rẹ̀. "Ọmọ inú rẹ kò bá yín pa irọ́. Ẹja ni o máa jẹ lónìí."

"N kò lè dá a jẹ, Ìyá àgbà. Á gbé mi lọ́fun." Ó wò mí. "Tí Bàbá àgbà bá jẹ, èmi náà á jẹ."

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìdáhùn. Mo rántí àgùntàn mi. Mo rántí pé mo ti di arúgbó, pé ikùn mi lè kọ̀ ọ́. Mo ní kó lọ ra ẹja náà wá.

Ẹja àrọ̀ ló rà, ó sè é pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà àti irú. Ó jókòó tì wá bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. Ìyàwó Kékeré fi ọwọ́ di imú, ó gbé òkèlè kan mì, ó ń wò mí. Èmi náà gbé tèmi mì. Ó rọ̀, ó sì ní adùn kan tí n kò fẹ́ gbà pé ó ní.

"Ẹ rọra jẹ ẹ́ o, Bàbá," ni ìyàwó mi wí. "Irọ́ ni kò légungun."

Ìyàwó Kékeré ń wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà náà, nítorí kò lè jẹ ẹ́ bí n kò bá sí níbẹ̀. Oṣù kan kọjá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń pọ́n bọ̀. Ó bí obìnrin, ìyá yè, ọmọ yè. Ó ní òun yóò máa jẹ ẹja nìṣó títí òun yóò fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ, lẹ́yìn ìyẹn òun yóò tún un rò. Mo ní kó rọra, kò sẹ́ni tó ń lé e.

Kì í wá ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ọmọ ti gba gbogbo àkókò rẹ̀. Mo rò pé èmi náà yóò padà sí ẹ̀wà mi. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo ní kí ìyàwó mi se ẹja.

"Ta ni ẹ fẹ́ bá jẹ ẹ́?" ni ó bi mí.

"Ìwọ ni."

Ó wò mí títí. A kò jọ jẹun nínú abọ́ kan rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó. Nígbà tí ẹja jinná, abọ́ kan ṣoṣo ló gbé wá. Ó jókòó, ó ní "Bìsìmílà", ó sì fa orí ẹja sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láìbi mí.