Ìyá Àwáwù Ni Mò Ń Jẹ́

Bí òórùn áńkárá tuntun tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bá ti kan mí nímú, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Táíwò Road ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, lọ́dún tí mo pàdánù ọmọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Lọ́dún yẹn, ó dákẹ́. Ibà ló ṣe Àwáwù, ọmọ mi kan ṣoṣo, kò sì dìde níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún òbí. Nígbà tí mo sì fi máa padà dé láti ilé ìyá mi, àwọn ẹbí ti kó aṣọ àti bàtà rẹ̀ lọ pátá. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe wọ́n, síbẹ̀ inú bí mi.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n kó orúkọ rẹ̀ náà lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, Ìyá Àwáwù ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, àfi bí mo ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo di "Àǹtí." Oníbàárà á la ẹnu, á rántí, á gbé e mì. Àbúrò ọkọ mi obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà bíi sójà, ó ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá yá, èmi nìkan ni yóò kù tó mọ̀ pé Àwáwù wá sáyé. Bí ẹnìkan bá wọlé báyìí, mo máa ń fẹ́ kó pe orúkọ náà, mo sì ń bẹ̀rù pé bó bá pè é, n ó dákú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù, ìyá àgbà kan láti Gàmbàrí wá gba búbá rẹ̀. Ìyá Jímọ̀ la máa ń pè é. Kò dúró gbọ́ ìkìlọ̀ kankan.

"Sàlámù àléékùm, Ìyá Àwáwù. O kú iṣẹ́."

Ẹ̀rọ dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Àbúrò ọkọ mi dìde fùú.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, a kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ò sí mọ́."

"Mo gbọ́," ni ìyá náà wí. "Ṣé kì í ṣe òun ló bí i mọ́ ni?" Ó yíjú sí mi. "Jímọ̀ mi, ṣé o ti rí i rí?"

Mi ò rí i rí. Gbogbo ìgbà tí mo fi mọ ìyá náà, mo rò pé Jímọ̀ ti di bàbá ọlọ́mọ ní Kánò ni.

"Kò tíì rìn dáadáa kí Ọlọ́hun tó gbà á. Mo bí àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kí wọ́n má yí orúkọ mi padà. Búbá mi ńkọ́?"

Mo sunkún débi pé omijé kán sórí búbá náà, ṣùgbọ́n mi ò dákú. Àbúrò ọkọ mi wá dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àwáwù."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó kékeré kan tó wá wọn aṣọ bi mí bóyá Àwáwù ti wọ yunifásítì. Mo ní ó ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun tipẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé òun ò mọ̀. Mo ní kó dìde, kò ṣẹ̀ mí, inú mi dùn pé ó béèrè ọmọ mi.