Imú Òrìṣà Ìrẹ́pọ̀

Èmi ni mò ń lu òòlù nílé owó, níbi tí wọ́n ti ń rọ owó wúrà ní Róòmù, Hilarus ló ń gbẹ́ òǹtẹ̀. Bó bá ti gbẹ́ òrìṣà sára irin, èmi á gbé irin náà lé wúrà, màá lù ú gbàù, òrìṣà á jáde. Gbogbo ayé á máa júbà òrìṣà. Kò sẹ́ni tó ń kí èmi.

Concordia, òrìṣà ìrẹ́pọ̀ tọkọtaya, ni Hilarus mọ̀ ọ́n gbẹ́ jù. Ojú Vettia ìyàwó ẹ̀ ló ń wò gbẹ́ ẹ, ọdún méjìlá gbáko. Ẹnu ló kó bá a. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń fi ólífì jẹ búrẹ́dì, ó ní, "Vettia, imú ẹ mà ń tóbi sí i o. Èmi ni mò ń bá ẹ gé e kù lára owó."

Ẹyin lohùn. Vettia di ẹrù ẹ̀, ó sọdá odò Tiber lọ bá màmá ẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá wa ní òun fẹ́ òǹtẹ̀ Concordia tuntun láàárín ọjọ́ márùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Hilarus wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Hilarus gbẹ́ aṣọ òrìṣà, ó gbẹ́ àwo ìrúbọ sí i lọ́wọ́. Nígbà tó kan ojú, ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ní, "O ò rántí ojú ìyàwó ẹ mọ́ ni?"

"Imú tí mo gé kù yẹn nìkan ni mo rántí."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó yá ni àánú ẹ̀ tó ṣe mí.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ Vettia kí wọ́n jọ lọ sójúbọ òrìṣà Viriplaca lórí òkè, níbi tí tọkọtaya tó bá ń jà máa ń lọ. Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì ò gbọdọ̀ dá sí i. Mo tẹ̀ lé wọn, torí mo fẹ́ràn ìran.

Vettia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọdún méjìlá ni mo fi ń ṣe òrìṣà fún ọkùnrin yìí, kò bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ó rẹ̀ mí. Bí mo bá la ẹnu báyìí, á ní kí n pa á dé, pé òun ń wo ètè mi!"

Hilarus fẹ́ fèsì. Ìyá tó ń tọ́jú ojúbọ gbé ìka sétè, ni Hilarus bá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ mì. Oòrùn yí, Vettia ò tíì dúró. Nígbà tó kan Hilarus, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé.

Vettia ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ojú tó o máa gbẹ́, kí n tó mọ̀ bóyá mò ń bọ̀ nílé."

Lọ́jọ́ karùn-ún, Hilarus gbẹ́ ojú náà tán, ọ̀gá gba òǹtẹ̀ náà, àmọ́ ó ń kùn pé imú yìí á jẹ wúrà jù. Wúrà ò gbọdọ̀ jáde nílé owó, torí náà a tẹ òrìṣà sínú ìda, a gbé e sọdá odò.

Màmá Vettia pariwo, "Ẹ gbà mí, imú bàbá ẹ rèé!"

Vettia ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ètè òrìṣà náà.

"Kí ló dé tí ẹnu ẹ̀ fi là?"

Hilarus ní, "O ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Omi lé ròrò sójú Vettia. Ó gbé ẹrù ẹ̀. Láti etí odò títí dé ẹnu ọ̀nà wọn ló ń rojọ́, Hilarus ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.